Imú Oníbàárà Kò Sí Lórí Fóònù: Bí A Ṣe Ń Jókòó Sílé Ta Èlò Ọbẹ̀ Lílọ̀

Bí obìnrin kan bá dé ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ láti ra ata gígbẹ, kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Yóò bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi àtàǹpàkò ra á, yóò gbé e sún mọ́ imú, bí ata náà bá sì jẹ́ ata gidi, yóò sín lẹ́ẹ̀mejì, ìyá aláta yóò rẹ́rìn-ín, ìgbà náà ni ìnájà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tó bá rí ata yín lórí WhatsApp kò ní àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀, kò sì ní imú. Àwòrán ló rí, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló sì gbọ́, orí ìwọ̀nba èyí ni yóò ti pinnu bóyá òun yóò fi owó òun ránṣẹ́ sí ẹni tí òun kò mọ̀ rí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín fún ẹni tó bá fẹ́ máa lọ èlò ọbẹ̀ nílé, kó sì máa tà á lórí fóònù, yálà Àjàṣẹ́ ló ń gbé ni, tàbí Kétu, tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, orí ọ̀rọ̀ kan yìí ló dá lé: kí ni a ó ṣe tí ẹni tí kò lè gbóòórùn ọjà wa yóò fi gbà wá gbọ́, tí ohun tó bá sì bá nínú igo kò ní dójú tì wá?

Ọjà méjì ti tó

Mo ti rí àwọn tó fi oríṣi mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹja lọ́tọ̀, ti adìẹ lọ́tọ̀, ti ìrẹsì, ti ẹran sísun, títí dé ti omi gbígbóná tí a ń mu láàárọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó wọn ti há sínú igo. Ẹ mú oríṣi kan tàbí méjì, kí ó sì jẹ́ èyí tí àwọn ará àdúgbò yín ti ń fọwọ́ ara wọn lọ̀ kí ẹ tó dé, nítorí pé iṣẹ́ tó nira fún wọn lẹ fẹ́ gbà ṣe, ẹ kò fẹ́ kọ́ wọn ní oúnjẹ tuntun. Ní Àjàṣẹ́ tí ọ̀sà wà lẹ́sẹ̀ ìlú, ọbẹ̀ ẹja kì í wọ́n nílé. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ ojoojúmọ́, ẹni tó bá ní èlò tó bá ọbẹ̀ iyán mu ti rí ọ̀nà ọjà.

Ti ọbẹ̀ ẹja tí èmi ń ṣe nìyí, fún kìlógíráàmù kan: ata pupa gígbẹ 420 gíráàmù, atalẹ̀ gígbẹ 250, áyù gígbẹ 200, ìyèré 80, èèrù alámọ̀ 40, kànáfùrù 10. Ẹ lè yí i padà bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n kànáfùrù ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé bí ẹ bá fi gíráàmù mélòó kan lé e, ọbẹ̀ yóò máa rùn bí oògùn eyín. Èèpo èèrù ni òórùn wà sí, hóró inú rẹ̀ a máa korò díẹ̀. Èmi a máa fi iná díẹ̀ yan án, n ó sì gbọn èyí tó pọ̀ jù nínú hóró náà dànù kí n tó wọ̀n ọ́n. N kì í fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, a máa mú kí ìyẹ̀fun dì, ó sì wúwo, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Oníbàárà tó bá mọ nǹkan yóò tètè rò pé iyọ̀ lẹ fi ń dí òun lójú. Ṣebí mágí tí wọn yóò tún sọ sínú ìkòkò ti ní iyọ̀ nínú tẹ́lẹ̀.

Ẹ ra òṣùwọ̀n oníná tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbàgbé agolo. Agolo ata tí ó kúnná àti agolo ata tí kò kúnná kì í wúwo bákan náà, áyù sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó bá ń fi agolo wọ̀n, ọbẹ̀ tí igo rẹ̀ ti oṣù yìí bá sè kò ní jọ ti oṣù tó kọjá, oníbàárà yóò sì mọ̀ kí ẹ̀yin tó mọ̀.

Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀

Ibí yìí ni n ó ti pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣubú.

Oṣù kẹfà ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ra ata, mo sá a fún ọjọ́ mẹ́ta, òjò bò mí mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, mo kó o wọlé. Ó dà bí ẹni pé ó ti gbẹ. Mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ, mo gbà á pẹ̀lú ooru ẹ̀rọ lára, mo sì rọ ọ́ sínú igo lọ́wọ́ kan náà nítorí pé èèyàn méjìlá ti sanwó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi láti Kútọnú: òkè ata inú igo náà ti bu, ó funfun bí òwú, ó sì ti dì mọ́ra bí ẹ̀kọ. Mo dá owó èèyàn méjìlá padà, àti ti àwọn tí igo wọn kò tíì bu. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé «ó dà bí ẹni pé ó ti gbẹ» kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣòwò.

Gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ní ìgbà òjò méjì lọ́dún: èyí tó gùn bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí dé oṣù keje, èyí kúkúrú sì máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Ní Àjàṣẹ́, yàtọ̀ sí òjò, ọ̀rinrin ọ̀sà pàápàá wà nínú afẹ́fẹ́ ní òru. Nítorí náà ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, ni kí ẹ rà, kí ẹ sì sá èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ó lò lọ́dún. Ẹ fi í pamọ́ ní odindi, nínú ike ńlá tí ìdérí rẹ̀ lé dáadáa, lórí pákó tí kò kan ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Ìyèré àti kànáfùrù tó wà ní odindi yóò pa òórùn rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá ti lọ̀ ọ́, òórùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lójoojúmọ́. Ìwọ̀nba tí ẹ ó tà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ máa lọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Atalẹ̀ tútù kìlógíráàmù márùn-ún ni yóò fún yín ní nǹkan bíi kìlógíráàmù kan gígbẹ, nítorí pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ títí erùpẹ̀ yóò fi kúrò ní ìkọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ó gun orí ara rẹ̀. Bákan náà ni ti áyù. Ìtẹ́ tí a gbé sókè lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí a fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó mọ́ bò, ni kí ẹ sá a sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sá ata sí ẹ̀gbẹ́ títì nítorí pé ọ̀dà a máa gbóná, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ewúrẹ́ ń kọjá níbẹ̀, zẹ́míjàn, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, sì ń tu èéfín sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kó o wọlé, nítorí pé ìrì òru á dá omi tí oòrùn gbà padà sínú rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ mi ata létí: ẹ ó gbọ́ hóró inú rẹ̀ tí yóò máa dún ṣàkàṣàkà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì: yóò rún, kò ní tẹ̀. Atalẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ pẹ́ẹ́. Bí ó bá kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ẹ dá a padà sí oòrùn. Lẹ́yìn èyí, ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú ìgò tó mọ́ gaara, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sójú oòrùn fún wákàtí kan. Bí ìkùukùu bá hàn lára ìgò nínú, omi ṣì wà níbẹ̀. Èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ojú lè tàn wá jẹ, ṣùgbọ́n ìgò kì í purọ́.

Bí nǹkan kan bá ti bu, ẹ dà á nù. Kì í ṣe kí ẹ gbọn èyí tó bu kúrò kí ẹ tún ìyókù sá. Irú èébu kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus, tó máa ń mú oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde lára ata, atalẹ̀, ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa. Oró náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oòrùn kò lè lé e kúrò, síse nínú ọbẹ̀ kò sì pa á. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àjọṣepọ̀ Yúróòpù kò gbà kí aflatoxin B1, èyí tó burú jù nínú oríṣi rẹ̀, ju máíkírógíráàmù 5 (ìdá márùn-ún nínú mílíọ̀nù gíráàmù kan) lọ nínú kìlógíráàmù ata, atalẹ̀ tàbí ìyèré kan, kí gbogbo oríṣi aflatoxin lápapọ̀ má sì ju 10 lọ. Ìdí rèé tí ẹni tó bá fẹ́ ta èlò ẹran sísun tí a fi kúlíkúlí ṣe fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì: ẹ̀pà tètè ń kó oró yìí, òróró inú rẹ̀ sì tètè ń bàjẹ́, kò ní pẹ́ tó ti ata. Èmi kò tíì bá a débẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní Àjàṣẹ́, ẹ lọ fi ojú ara yín rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Songhai, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ìlú náà lọ́dún 1985, tí wọ́n ti ń sọ irè oko di ọjà tí a dì sínú igo. Ọjọ́ kan tí ẹ bá fi wo bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń fọ nǹkan, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń dì í, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣòfò.

Ẹ̀rọ, asẹ́ àti òòfà

Ẹ̀rọ ìlọta àdúgbò ni ọ̀pọ̀ wa yóò kọ́kọ́ lò. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n lọ̀ kẹ́yìn níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nǹkan tútù, ẹ dúró. Bí ó bá jẹ́ edé tàbí ẹ̀pà, ẹ rántí pé àwọn kan wà tí ara wọn kò gba edé tàbí ẹ̀pà rárá, tí ìwọ̀nba tó kù sẹ́nu ẹ̀rọ lè dá àìsàn sí wọn lára. Èmi a máa lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó dé, n ó fún ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ní owó díẹ̀ kí ó bá mi gbá a mọ́, n ó sì kọ́kọ́ lọ agolo àgbàdo gbígbẹ kan tí n ó dà sílẹ̀ fún adìẹ. Nígbà tí èrè bá dé, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tiyín, kí ó má sì lọ ohun mìíràn.

Òkúta ẹ̀rọ tí a fi irin ṣe a máa jẹ ara rẹ̀, eérú irin a sì máa bọ́ sínú ata. Ẹ di òòfà tó lágbára sínú ọ̀rá tó mọ́, ẹ fi rìn káàkiri nínú ìyẹ̀fun náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, irùngbọ̀n dúdú hù sára òòfà náà. Mo wò ó títí, mo ń rò ó pé ìyá mi àti ìyá rẹ̀ ti jẹ èyí pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fífẹ̀, kí ó tutù pátápátá kó tó wọ igo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí, ẹ bo imú, ẹ má sì fi ọwọ́ náà kan ojú.

Igo, ìwé ara igo, àti òfin

Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ka lílo àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rá dúdú gbé ọjà yín fún ẹnikẹ́ni. Àpò ìwé tàbí aṣọ ló yẹ wọ́n. Fún èlò ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, igo tàbí ike líle oní 50 gíráàmù tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́ ni mo fara mọ́. Igo a máa fọ́ lọ́nà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń fi àwọ̀ ata hàn, kò sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ gbé wọn sí ibi tí oòrùn kò ti lè kàn wọ́n, torí oòrùn a máa mú àwọ̀ pupa ṣì.

Kí ìwé tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ọn sọ orúkọ ọjà, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láti orí èyí tó pọ̀ jù dé orí èyí tó kéré jù, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù láìka igo, ọjọ́ tí ẹ lọ̀ ọ́, ọjọ́ tó dára jù kí a ti lò ó tán, nọ́ńbà ìlọ̀ náà (ìyẹn ẹ̀ẹ̀melòó tí ẹ ti lọ èlò), ìlú yín àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ kọ ọ́ ní Faransé nítorí èdè ìjọba ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi Yorùbá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà «èèrù alámọ̀» lórí igo a máa mú kí ìyá àgbà kan tí kò ka Faransé sọ pé, «Ìyẹn ni, mo mọ̀ ọ́n.» Ẹ yẹ ìwé náà wò lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Atẹ̀wé kan bá mi tẹ 500 tí ó kọ gíráàmù 500 sí dípò 50, mo sì fi bíírò pa òdo kan rẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ohun méjì ni kí ẹ má ṣe. Ẹ má kọ pé èlò ọbẹ̀ yín ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà: ata lẹ ń tà, ẹ kì í ṣe dókítà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi aró sí ata kí ó lè pupa sí i. Aró tí wọ́n ń pè ní Sudan, tí a ṣe fún aṣọ àti epo bàtà, ni wọ́n bá nínú ata lílọ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 2003, tí wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ọjà kúrò lórí àtẹ. Ata tí kò pupa dáadáa, ẹ má rà á; kò sí oògùn mìíràn.

Ní ti ìwé ìjọba, ìforúkọsílẹ̀ òwò ẹnì kan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní monentreprise.bj, níbi tí ẹ ó ti gba RCCM (ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò) àti IFU (nọ́ńbà tí a fi ń san owó orí). Òwò tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 50 mílíọ̀nù sẹ́fà lọ bọ́ sábẹ́ owó orí tí wọ́n ń pè ní TPS. Àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ni ABSSA. Ẹ lọ bá wọn kí ẹ tó gbé ọjà lọ sí ilé ìtajà ńlá, kí ẹ má dúró kí wọ́n tó wá bá yín.

Iye tí igo kan ná yín

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ń ka owó ata nìkan, tí wọ́n sì ń pe ìyókù ní èrè. Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ fi iye ọjà ìlú yín rọ́pò rẹ̀. Ká ní èlò kìlógíráàmù kan ná yín ní 6.000 fáráńkì sẹ́fà, ẹ̀rọ 500, ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjà 1.000, iná 300: ó di 7.800. Inú kìlógíráàmù kan, igo 19 ni ẹ ó rí, kì í ṣe 20, nítorí pé ẹ̀rọ àti asẹ́ á jẹ tiwọn. Igo àti ìwé ara rẹ̀ jẹ́ 250 lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ 4.750. Ẹ fi 3.000 sí i fún ọwọ́ tiyín. Ẹ má yọ ọ́ kúrò: bí ẹ bá ṣàìsàn, ẹlòmíràn ni ẹ ó san án fún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15.550, igo kan sì tó nǹkan bíi 820. Bí ẹ bá tà á ní 1.200, owó tó wọlé jẹ́ 22.800, 7.250 ló ṣẹ́kù, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti yọ owó íntánẹ́ẹ̀tì àti igo tó bá fọ́. Bí ẹ bá tà á fún alájàpá ní 1.000, ẹ ṣì rí nǹkan. Ẹni tó bá ń tà á ní 800 kí ó lè gba oníbàárà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ń fi owó ara rẹ̀ se ọbẹ̀ fún ará ìlú.

Ohun tó ń rọ́pò imú

WhatsApp Business ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ní ibi tí a lè to ọjà sí pẹ̀lú àwòrán àti iye owó, kò sì gba owó lọ́wọ́ yín. Ojúewé Facebook lè tẹ̀ lé e. Ẹ ya àwòrán láàárọ̀, nínú ìbòji tó mọ́lẹ̀. Iná alẹ́ a máa sọ ata di àwọ̀ ilẹ̀. Ẹ gbé èlò tútù, èlò gbígbẹ àti igo tó kún sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú àwòrán kan.

Ṣùgbọ́n fídíò kúkúrú ló ń ta ọjà mi jù. Mo kàn gbé fóònù sún mọ́ ọwọ́, mo mú atalẹ̀ gbígbẹ, mo ṣẹ́ ẹ. Ohùn náà, pẹ́ẹ́, ni oníbàárà gbọ́. Mo mi ata létí fóònù, mo fi òòfà rìn nínú ìyẹ̀fun kí wọ́n rí ohun tó mú jáde. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé kò yẹ kí n fi irin hàn, pé yóò lé èèyàn sá. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn aláta wọn léèrè bóyá wọ́n ní òòfà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ pẹ̀lú, ní Yorùbá, ní Gùn bí ẹ bá gbọ́ ọ, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń se ọbẹ̀ ní Àjàṣẹ́ kì í ka ọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n wọn yóò gbọ́ ohùn ọmọ tó kí wọn pé «Ẹ káàárọ̀, ìyá» kó tó dárúkọ owó. Ẹ má fi ipolówó dí ojú àwọn èèyàn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ bí a ṣe ń fi í se nǹkan.

Owó MTN MoMo, Moov Money àti Celtiis Cash ni wọ́n máa fi san án. Ẹ ṣí méjì ó kéré tán. Kí ẹ tó fi ọjà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ wo iye tó wà nínú àpò owó fóònù yín fúnra yín. Ẹ má gba iṣẹ́-ìjẹ́ tó sọ pé owó ti wọlé gbọ́. Mo ti pàdánù igo mẹ́fà sọ́wọ́ irú iṣẹ́-ìjẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ dáadáa débi pé kò yàtọ̀ sí ti òtítọ́ àfi pé nọ́ńbà èèyàn ló ti wá. Nọ́ńbà àṣírí yín kò sì kan ẹnikẹ́ni.

Nínú ìlú, zẹ́míjàn kan tí ẹ mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ máa fi rán. Kí oníbàárà san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ fún un ṣáájú. Láti Àjàṣẹ́ sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, táàsì àti bọ́ọ̀sì ń gbé ẹrù. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé igo lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tò wọ́n sínú páálí tí kò jẹ́ kí wọ́n mì, ẹ ya àwòrán páálí àti nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń dúró dè é ní gáréèjì. Àwọn ará wa ní Èkó yóò béèrè. Ìgò méjì tí ẹ̀gbọ́n gbé sínú báàgì rẹ̀ yàtọ̀ sí ọjà tí a fẹ́ máa tà níbẹ̀: oúnjẹ inú igo gbọ́dọ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ẹnubodè náà sì ti wà ní títì rí láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí dé oṣù kejìlá ọdún 2020, tí àwọn tó gbé gbogbo ọjà wọn lé ọ̀nà kan náà fi jókòó sílé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ilé mọ̀ yín.

Igo tí a kì í tà

Nínú gbogbo ìlọ̀ tí ẹ bá ṣe, ẹ yọ igo kan sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ìlọ̀ náà sí i, ẹ gbé e sínú àpótí. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ọjọ́, ọwọ́ ìyá wo ni ẹ ti ra ata, ìwọ̀n ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ wo ni ó lọ̀ ọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, oníbàárà mi kan ní Kétu, ìyá tó ti ra ọjà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, «Ọmọ mi, ata yìí kò ta bíi ti tẹ́lẹ̀ o.» Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni pé bóyá omi ọbẹ̀ wọn ló pọ̀. Mo gbé e mì. Mo ní kí wọ́n bá mi ka nọ́ńbà tó wà lára igo, mo lọ ṣí àpótí, mo gbé igo ìlọ̀ 31 àti ti 30 kalẹ̀, mo tọ́ méjèèjì wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo wo ìwé: ìyá aláta mi kò wá sọ́jà lọ́jọ́ náà, mo sì ti ra ti ẹni tó jókòó tì í, ata tó tóbi, tó pupa, tí kò ta. Mo pè wọ́n padà, mo kúnlẹ̀ lórí fóònù gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe, mo fi igo ìlọ̀ 32 ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ọjọ́ kejì, mo sì kọ sí àwọn mẹ́tàdínlógún tó kù tó ra ìlọ̀ 31 kí wọ́n tó kọ sí mi.